Ẹni Tó Kẹ́yìn Ló Ń Ṣa Ewé

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi wà pọ̀ kẹ́yìn, ewé tútù kan wà lórí tábìlì ilé ìdáná wa ní Kettering, lókè òkun níbí. Ìbídùn ti já a lára òdòdó inú ìkòkò tó wà lójú fèrèsé, ó kọ ṣóńṣó rẹ̀ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì fi ṣíbí tíì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ dúró nídìí ẹ̀rọ omi, ó ti wọ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ń ṣan ife kan ṣoṣo. Ó ti lọ àpọ̀n sílẹ̀ fún ọbẹ̀ ìrọ̀lẹ́, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé, òórùn epo àti igi tútù tí mo ti mọ̀ kí n tó mọ ìwé kà.

"Bàbá Tóyìn, mi ò sọ nǹkan kan o," ló wí láì wẹ̀yìn. "Ewé ló ń sọ̀rọ̀."

"Mo ti rí i."

"Rírí kọ́ ni iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí ọkọ̀ akólẹ̀ ń kọjá níwájú ilé wa lásán. Ẹranko olójú dúdú yẹn ti mọ ẹ̀yìnkùlé wa ju pásítọ̀ lọ."

Garawa ìdọ̀tí wa ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ẹranko tó sọ náà ni èyí tí ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó wọ ìbòjú, tó máa ń wá tú ìdọ̀tí kiri. Àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ akólẹ̀ ń wá sí àdúgbò wa, ẹni tó bá sì fẹ́ kí wọ́n kó tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ti yí garawa rẹ̀ dé etí títì. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà. Mo ní n óò gbé e jáde tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó nu ọwọ́, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó jáde. Kò padà wálé mọ́.

Ewé yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àṣà rẹ̀ ti wà kí a tó ní ilé, ó ti wà kí a tó fẹ́ ara wa.

Gáàdì igbó ọba ni bàbá mi. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ fi síléètì kọ́ ìwé á rántí irú wọn: ṣòkòtò péńpé kakí, bẹ́líìtì aláwọ, fìlà tó ní àmì idẹ níwájú, àdá ní ìbàdí. Ẹ̀bá igbó ńlá kan ní ilẹ̀ Oǹdó ni wọ́n kọ́ ilé àwọn gáàdì sí, ilé onípáànù mẹ́rin tó yí àgbàlá kan po, kànga kan, igi ọsàn kan. Àwa ń gbé inú ọ̀kan, akọ̀wé ọ́fíìsì igbó ń gbé inú èyí tó kọjú sí tiwa. Ìbídùn ni ọmọbìnrin akọ̀wé náà. Mo fi ọdún kan jù ú lọ, kò sì gbà fún mi rí.

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ìkuukùu á jáde láti inú igbó, á gba àgbàlá kọjá, á dúró lẹ́nu ọ̀nà wa bí aládùúgbò tó wá fọnná. Ìyá mi á sọ pé, "Igbó ti jí o, ẹ dìde." Bí oòrùn bá gòkè díẹ̀, ìkuukùu á padà síbi tó ti wá, a ó sì rí igbó náà bí ògiri: ìrókò, arère àti ìdígbó lókè pátápátá, orí wọn fẹ̀ bí agboòrùn, àwọn tó kéré sí wọn wà nísàlẹ̀, wọ́n ń du ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́ kù, ìtàkùn tó nípọn tó itan àgbàlagbà so gbogbo wọn pọ̀. Nínú lọ́hùn-ún, ọ̀sán gangan dà bí ìrọ̀lẹ́. Oòrùn kì í dé ilẹ̀ àfi ní wẹ́wẹ́, bí àfọ́kù àwo. Ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ó tutù, ó sì ní òórùn ewé jíjẹrà àti olú.

Àgbìgbò la máa ń kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀. Kì í ṣe ohùn rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ ni. Bó bá fò kọjá lókè, á máa dún fẹ̀ẹ̀, fẹ̀ẹ̀, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Lẹ́yìn náà ni àwọn edun á jáde sórí igi, dúdú pẹ̀lú ìrù funfun, wọn á jókòó kọjú sí oòrùn, ọwọ́ lórí eékún, bí àwọn àgbà ìjọ tó ń retí oníwàásù. Ẹtu wà níbẹ̀, kò ga ju ọmọ ewúrẹ́ lọ, ó sì máa ń wò wá títí ẹ̀rù á fi bà wá dípò òun. Labalábá á bo etí odò bí ẹni da òdòdó sílẹ̀. Erin wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ la máa ń rí jù, kòtò rogodo tó kún fún omi òjò tí ọ̀pọ̀lọ́ ń yé ẹyin sí. Erin fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i, ìdí rẹ̀ ni mo sì rí, tó ń wọ inú ewé lọ láì dún, bí ilé tó ń rìn.

Àwọn gáàdì ní òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé nínú igbó, àwa ọmọ wọn sì mọ̀ ọ́n kí a tó mọ òfin mẹ́wàá. Èkíní ni pé a kì í pe orúkọ ènìyàn nínú igbó, nítorí a kò mọ ohun mìíràn tó lè gbọ́ orúkọ náà kó wá lò ó. Èkejì ni ti ewé. Ẹni tó bá ń ṣáájú, bó bá dé oríta, á já ewé kan, á kọ ṣóńṣó rẹ̀ sí ọ̀nà tó gbà, á fi amọ̀ díẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa gbé e. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á wò ó, wọn á sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó kẹ́yìn ló ń ṣa ewé. Òun nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti mú un kúrò, kí àwọn tó ń jí igi gé má bàa fi tọ ipa gáàdì, kó má sì tan ẹlòmíràn jẹ lọ́jọ́ mìíràn. Bàbá mi máa ń sọ pé, "Ewé àná ń purọ́ fún ẹni òní."

Ó tún kọ́ wa ní ohun tí ènìyàn ń ṣe bó bá sọnù. "Kó jókòó. Igbó kì í so ènìyàn nù, ìrìn ni. Kó wá gbòǹgbò àràbà, kó jókòó síbẹ̀, kó fi igi lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó sinmi, kó tún lù ú." Ẹni tó bá ti rí àràbà rí mọ̀ pé gbòǹgbò rẹ̀ máa ń dìde lórí ilẹ̀ bí ògiri yàrá. Bí a bá fi igi lù ú, ó ń dún jìnnà ju ariwo ẹnu lọ.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Àkókò òro ni, nígbà tí èso òro ń já bọ́ nínú igbó bí òkò, tí òórùn rẹ̀ ń dé àgbàlá wa bí atẹ́gùn bá fẹ́. Inú kóró rẹ̀ ni àpọ̀n wà. Ìjọba fi àyè gba àwọn ìyàwó gáàdì láti ṣa ìwọ̀nba tí wọ́n máa jẹ. Bàbá mi ti jáde láti ìdájí, ó mú òòlù ìjọba tí wọ́n fi ń tẹ àmì sára igi tí a bá gé, ó sì ní kí ìyá mi tọ ewé òun wá, nítorí igi òro méjì tó so púpọ̀ wà lẹ́bàá ibi tí òun ń lọ. Àwa mẹ́ta la lọ: ìyá mi níwájú pẹ̀lú agbọ̀n lórí, Ìbídùn láàárín, èmi lẹ́yìn. Ìyá mi ti sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ìwọ ni ọmọ gáàdì. Ìwọ ni kó kẹ́yìn, kí o máa ṣa ewé." Mo gbé àyà sókè. Wọn ò fún mi ní iṣẹ́ náà rí.

Èmi àti Ìbídùn ò rẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Ó ti gba ipò kìíní mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ìṣirò tí a ń fi orí ṣe láìkọ ọ́ sílẹ̀, ìyẹn kò sì tó o, ó ti sọ fún gbogbo ọgbà pé mo sunkún lọ́nà ilé. Mo sunkún lóòótọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí.

Lẹ́yìn odò kékeré kan, Ìbídùn tẹ ìjàlọ mọ́lẹ̀. Wọ́n gùn ún lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ìyá mi ti lọ jìnnà. Ìbídùn jókòó sórí igi wíwó, ó ń já wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, omi dúró sí i lójú, kò sì fẹ́ kí n rí i.

"Máa lọ," ló wí. "Mò ń bọ̀."

"Èmi ni wọ́n ní kó kẹ́yìn."

"Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́ láti dá rìn ni? Lọ, kí o má tún lọ sunkún."

Mo lọ. Mo rìn kánkán, inú ń bí mi. Mo dé oríta kan, ọ̀nà méjì tó jọ ara wọn bí ìbejì, ewé bàbá mi sì wà lójú ọ̀nà ọ̀tún, amọ̀ ṣì tutù lórí rẹ̀. Mo dúró. Mo mọ òfin náà. Mo mọ̀ pé bí Ìbídùn ti jókòó lẹ́yìn, òun ló kẹ́yìn báyìí, kì í ṣe èmi. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Mi ò wẹ̀yìn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú ewé náà, mo fi í sínú àpò ṣòkòtò mi, mo sì gba ọ̀nà ọ̀tún lọ.

Mo bá ìyá mi lábẹ́ igi òro, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣa èso.

"Ẹnìkejì rẹ dà?" Kò pe orúkọ.

"Ó ń bọ̀."

A ṣa òro. Ilẹ̀ kún fún un, òmíràn tútù, òmíràn ti rà, oyin ń bò ó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo gbọ́ ọ láti òkèèrè: kó, kó, kó. Ó dákẹ́. Ó tún dún: kó, kó, kó. Ìyá mi gbé orí sókè.

"Kí nìyẹn?"

"Àkókó ni," mo wí. "Ẹyẹ tó ń lu igi."

Ó gbà mí gbọ́, nítorí ọmọ gáàdì ni mí, ó sì ti fi mí yangàn níwájú àwọn obìnrin yòókù pé mo mọ ohùn gbogbo ẹyẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń ṣa òro lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé àkókó ni, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Nígbà tí agbọ̀n dé ìdajì, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìgbà yẹn ni ìyá mi dìde dúró, ó wo ọ̀nà, ó wo ojú mi, ó sì ju èso ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Mi ò rí kí bàbá mi sáré rí kí ó tó di ọjọ́ náà. Gáàdì kì í sáré nínú igbó. Nígbà tí ìyá mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó sọ fún un, ó fi òòlù ìjọba sílẹ̀ sórí igi tó ń tẹ̀ lámì, ó sì sáré. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló tó gbé Ìbídùn dé, ní àyà rẹ̀, bí a ṣe ń gbé ọmọ ọwọ́. Ọ̀nà òsì ni Ìbídùn gbà. Nígbà tó rí i pé òun ò bá ẹnikẹ́ni, ó wá àràbà, ó jókòó sáàárín gbòǹgbò rẹ̀ méjì, ó lu igi títí igi ọwọ́ rẹ̀ fi kán. Agbo túùkú kan ti kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, ìyá àti ọmọ, wọ́n ń fi imú tú ilẹ̀, ọ̀kan sì gbóòórùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó máa lọ. "Wọn ò kà mí sí," ló sọ. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí bàbá mi. "Mo jókòó bí ẹ ṣe ní, sà."

Èmi ní tèmi sọ pé mo gbàgbé. Mo ní mo rò pé èmi ló ṣì kẹ́yìn, torí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyẹn. Gbogbo ọgbà gbà á bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìbídùn pàápàá ní ọmọdé ni mí. Ìbídùn wò mí, ó sì ń họ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ìjàlọ ti jẹ.

Bàbá mi ò nà mí. Ó ní kí n mú ewé náà jáde nínú àpò mi. Ó ti rún. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sọ pé, "Ewé kì í ṣe ti ẹni tó rí i. Ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni." Láti ọjọ́ náà títí ìsinmi ilé ìwé fi parí, ó ń mú mi wọ igbó ní gbogbo ìgbà tó bá ń lọ wo ààlà, èmi sì ni mo ń kẹ́yìn. Kì í ṣe ẹ̀yìn lásán. Ó ní kí n máa dúró títí n kò fi ní gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn gáàdì mọ́ kí n tó gbéra.

Ẹni tí kò bá tíì kẹ́yìn nínú igbó bẹ́ẹ̀ rí, kò tíì dá wà. Ohùn àwọn tó ṣáájú á máa lọ, á di ìkùnsínú, á di ìró ewé, á tán. Lẹ́yìn náà igbó á pa dé mọ́ ènìyàn. Á kọ́kọ́ dákẹ́, bí ìgbà tí àlejò wọlé tí àwọn onílé ń wo ojú ara wọn. Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, wọn á máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ: kòkòrò tó ń dún bí ayùn, omi tó ń kán láti orí ewé kan sí òmíràn bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ti dá láti àná, ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń bú ẹnì kan tí n kò rí, àgbe tó ń ké lókè níbi tí ojú mi ò tó. Ohun gbogbo ló ní ẹnìkejì tó ń dá a lóhùn. Èmi nìkan ló ń lọ láti ewé dé ewé. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀, kí n tó mú un, mo máa ń wẹ̀yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí. Síbẹ̀ mo ń wẹ̀yìn.

Ilé ìwé gíga kó mi lọ sí Ìbàdàn, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kó Ìbídùn lọ sí Èkó, a tún pàdé, a fẹ́ ara wa. Mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Nígbà tí a dé ilẹ̀ yìí, inú ilé àyágbé kan ní Riverdale Park la kọ́kọ́ wà, yàrá méjì, ẹ̀yìn ọ̀nà Route 1. Òun ń ṣiṣẹ́ lóru, èmi ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá tí a kì í rí ara wa ju ìgbà tí ọ̀kan ń bọ́ bàtà tí èkejì ń wọ tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo jí, mo bá ewé kan lórí tábìlì, ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí sítóòfù. Oúnjẹ wà níbẹ̀. Mo dúró síwájú ewé náà fún ìgbà pípẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ní nǹkan tó fẹ́ kí n ṣe, á fi ewé sọ ọ́: sí ẹ̀rọ ìfọṣọ, sí fìríìjì, sí àpótí lẹ́tà. Bí mo bá ti ṣe é, màá ṣa ewé náà, màá dà á nù. Níwájú àwọn ará ìjọ, ó máa ń fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀. Nínú ilé, ọmọ ọgbà gáàdì ṣì ni wá.

Ọjọ́ Sátidé kan la wà nílé pọ̀, a ń wo tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ń fi igbó òjò kan hàn ní ilẹ̀ òyìnbó kan tó jìnnà, páákì ìjọba, níbi tí òtútù ti ń mú díẹ̀ lákòókò ọyẹ́ wọn, tí ìkuukùu sì ń jáde nínú igi bíi tiwa. Ẹyẹ wà níbẹ̀ tí a kò mọ̀. Wọ́n fi pákó tẹ́ ọ̀nà kí bàtà àlejò má bàa dọ̀tí, gbogbo oríta ló sì ní pákó àmì tí wọ́n kàn mọ́ òpó. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni lẹ́tà àbúrò mi dé, pé ìjọba ń sọ ọ́ pé àwọn á sọ ohun tó kù nínú igbó tiwa di irú páákì bẹ́ẹ̀.

Ìbídùn rẹ́rìn-ín. "Àwọn wọ̀nyí, kò sí ẹni tó máa fi àmì tiwọn sínú àpò."

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń wo tẹlifíṣọ̀n náà lọ.

"Mo rí ọ lọ́jọ́ náà," ló wí.

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ àràbà. Mo ti dé ibi tí ọ̀nà ti yí. Mo rí ẹ̀yìn rẹ. Mo rí bí o ṣe dúró, o rò ó, kí o tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé oríta, igi ti bò ọ́, mi ò sì mọ ọ̀nà tí o gbà."

Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti gbé irọ́ yẹn, tí mo rò pé èmi nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò ké sí mi?"

"Wọ́n ní a kì í pe orúkọ." Ó dín ohùn tẹlifíṣọ̀n náà kù. "Mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá wàá padà."

"Mi ò padà."

"Rárá. Bàbá ló wá." Ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ẹsẹ̀ mi lórí àga. "Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọ, o kì í rìn ṣáájú mi kí o má wẹ̀yìn. Nínú ọjà, nínú páàkì ọkọ̀, níbi gbogbo. Ṣé o rò pé mi ò mọ ìdí rẹ̀ ni?"

Ó yẹ kí n sọ èyí tó kù fún un lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí n sọ pé mo gbọ́ igi tó ń lù, pé ìyá mi bi mí léèrè, pé mo ní àkókó ni. Ẹnu mi ti là. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ẹ̀wà lórí iná, mo sì ní n óò sọ ọ́ nígbà mìíràn. Bí mo ṣe sọ nípa garawa ìdọ̀tí nìyẹn.

Àwọn tí òun pẹ̀lú wọn jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn sọ fún mi pé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ ewé náà, ó ní ó rẹ òun díẹ̀, kí òun jókòó. Ó jókòó sórí àga kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó jókòó, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn mìíràn ti yí i ká, wọ́n sì ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ dé ibi tó jókòó sí.

Ewé náà kò kúrò lórí tábìlì. Tóyìn, ọmọ wa, ń gbé ní Clinton pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn. Láti ìgbà ìsìnkú ni wọ́n ti ń wá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọkọ rẹ̀ á yí garawa dé etí títì, òun á nu ilé ìdáná.

"Daddy, ewé yìí ti gbẹ o. Ṣé kí n dà á nù?"

"Fi í sílẹ̀."

"It's just a leaf, Daddy."

Ó wò mí, ó sì nu tábìlì yí i ká, ó rọra gbé ìkà yí ṣíbí náà po bí ẹni tó ń nu ẹnu ọmọ. Láti ìgbà náà bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é. Mi ò lè ṣàlàyé fún un. Ẹni tó kẹ́yìn ló ń ṣa ewé. Bí mo bá mú un, mo ti gbà pé kò sí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀ nígbà kan rí, nígbà tí ẹnì kan ń bọ̀.

Ní oṣù kejì ọdún, òtútù mú ọmọ Tóyìn, ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu ìrìn àjò. Ó pè mí ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní òun á bẹ aládùúgbò kí ó bá mi gbé garawa jáde.

"Má bẹ ẹnikẹ́ni," mo wí.

"Daddy, yìnyín wà nílẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́."

"Tọ́jú ọmọ rẹ."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ kóòtù, mo dúró níwájú tábìlì, mo sì ṣe ohun tí ewé náà ti ń sọ láti oṣù mẹ́rin. Mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Yìnyín ti di ẹsẹ̀ garawa mọ́lẹ̀. Mo fi bàtà gbá a, mo fi èjìká tì í, ó ṣí. Ojú ẹsẹ̀ ẹranko olójú dúdú wà yí i ká, ó jọ ọwọ́ ọmọ ìkókó. Ní etí igbó kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa, ìgalà mẹ́ta dúró, wọ́n ń jẹ èèpo igi. Wọ́n gbé orí, wọ́n wò mí títí, wọ́n sì padà sídìí oúnjẹ wọn. Wọn ò kà mí sí. Mo yí garawa náà gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ, ó ń yọ̀, ó ń fà mí. Mo gbé e dúró sí etí títì, mo yí ọwọ́ rẹ̀ kọjú sí ilé, bí Ìbídùn ṣe máa ń fẹ́ kí n ṣe é.

Mo padà wọlé. Mo ti na ọwọ́ sí ṣíbí náà nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé: kó, kó, kó. Ó dákẹ́. Ó tún dún.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ti mọ ohun tó ń dún kí ó tó wò ó. Ó tẹ orí ba, ó ń ṣa òro rẹ̀ lọ. Èmi ti darúgbó, eékún ń dùn mí, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ohùn ẹyẹ ilẹ̀ yìí. Mo fi ṣíbí sílẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo sọ̀ kalẹ̀ sínú yìnyín láì tún kóòtù dè, mo rìn dé ìdí àwọn igi náà. Àwọn ìgalà sá. Mo dúró, mo gbọ́. Mo wo igi kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé orí, títí mo fi rí i lára igi òkú kan: ẹyẹ kékeré, dúdú àti funfun, àmì pupa ní ìpàkọ́, ó ń fi ẹnu gbẹ́ ibì kan náà. Mo dúró tì í títí ó fi lù ú tán tó fò lọ. Àkókó ni. Mo fi ojú mi rí i.

Nígbà náà ni mo padà sínú ilé. Mo mú ṣíbí kúrò lórí ewé náà. Mo wo ẹ̀yìn mi, ọ̀dẹ̀dẹ̀, àtẹ̀gùn, kóòtù rẹ̀ tó ṣì wà lára ìkọ́. Mo dúró díẹ̀ sí i, bí bàbá mi ṣe kọ́ mi, títí n kò fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kankan. Lẹ́yìn náà, mo mú un.